Wúràọlá Ẹ̀san, sẹ́nétọ̀ obìnrin àkọ́kọ́

Sẹ́nétọ̀ obìnrin tìsinsìnyí là ń gbọ́ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ Wúràọlá Ẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí lọ́dún 1909. Tíṣà ni. Lọ́dún 1944 ló dá ilé ìwé girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ bàbá ṣì gbà pé ilé ọkọ lowó ìwé ọmọbìnrin ń bá lọ.

Lọ́dún 1960, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fà á kalẹ̀ fún Sẹ́nétì. Wọn ò dìbò fún sẹ́nétọ̀ nígbà yẹn o, yíyàn ni. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 12. Ilé náà kàn lè dá òfin dúró fúngbà díẹ̀ ni, kò lè pa á. Ẹnu nìkan ni wọ́n ní, Ẹ̀san sì lò ó: ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ipò obìnrin nínú ìjọba.

Àwọn ìyá wa ní Kàbà ńkọ́? Abẹ́ ẹkùn Àríwá la wà, níbi tóbìnrin ò ti lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò rárá. Yorùbá kan náà o! Obìnrin kan jókòó ní Sẹ́nétì l'Ékòó, èkejì ò lè tẹ̀ka ní Kàbà.

Ẹ̀san jẹ Ìyálóde Ìbàdàn lọ́dún 1975. Ọdún tó tẹ̀ lé e làwọn ológun tó fún obìnrin Àríwá lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Ó kú lọ́dún 1985.