Josephine Bakhita Mímọ́: ẹni tí ó fi ìdájọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí òun náà jókòó kọ́ kátíkísìmù bíi tiyín.

Ní nǹkan bí ọdún 1869 ni a bí i ní Darfur, ní ilẹ̀ Sùdáánì. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ jí i gbé lọ tà. Ní agbègbè Atakpamé wa níhìn-ín, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, nítorí ní ọ̀rúndún kan náà ni ogun Dàhòmì ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Ẹ̀rù ba ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn tí ó jí i ni ó sọ ọ́ ní Bakhita, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Olóríire ní èdè Lárúbáwá.

A tà á, a sì tún un tà. Ní ilé ọ̀gágun Tọ́kì kan, a fi abẹ kọ ilà tí ó ju 100 lọ sí i lára, a sì fi iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ náà. Ní ọdún 1883, Callisto Legnani, aṣojú ìjọba Ítálì ní Khartoum, rà á. Ní ọdún 1885 ó mú un dé Ítálì, níbi tí ó ti di olùtọ́jú ọmọ ìdílé Michieli.

Ní Venice, àwọn Sista Canossa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tí ìyá ọmọ náà fẹ́ mú un padà sí Áfíríkà, Bakhita kọ̀, bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn obìnrin náà. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1889, a dá a láre pé ẹni òmìnira ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1890, Kádínà Agostini ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Josephine. Ní ọdún 1896 ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ sista. Ní Schio, ó ń se oúnjẹ, ó ń rán aṣọ, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Nígbà tí a bá bi í léèrè nípa àwọn tí ó jí i gbé, èsì rẹ̀ ni pé bí òun bá rí wọn, òun yóò kúnlẹ̀ fi ẹnu ko ọwọ́ wọn, nítorí ọ̀nà náà ni òun gbà mọ Krístì. Ó ń gbàdúrà fún wọn, ó ní bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ bí ìyà náà ti pọ̀ tó. Síbẹ̀, kò pe ibi ní rere: ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì kọ̀ láti padà sí oko ẹrú. Nígbà tí ó ń kú lọ ní ọdún 1947, ó bẹ olùtọ́jú rẹ̀ pé kí ó dẹ ẹ̀wọ̀n tí ó wúwo lẹ́sẹ̀ òun. Ọgbẹ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì dáríjì síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ tàbí tí a bà lórúkọ jẹ́ lè tọ àwọn àgbà tàbí ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ṣépè, kí ó má sì ṣe sọ pé ẹnì kan kò lè rí ìgbàlà mọ́. Ọlọ́run nìkan ni ó rí inú ọkàn. Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì kéde Bakhita ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Ọjọ́ 8 oṣù kejì ni a ń rántí rẹ̀.

Fún ìrònú: Ta ni mo ti dá lẹ́bi nínú ọkàn mi? Ǹjẹ́ mo lè dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi lónìí?