Adrian Stokes: Onímọ̀ Ìṣègùn tí Ibà Pọ́njú Pa ní Èkó

Atukọ̀ òkun tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá gbọ́dọ̀ ní ìwé pélébé kan lọ́wọ́ tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Omi òjò máa ń dá rogún sínú agolo àti táyà àlòkù níbẹ̀, inú irú omi bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn náà kiri máa ń yé sí. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí ló mọ̀ pé Èkó ni wọ́n ti ṣe lára iṣẹ́ tó bí i, àti pé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é kú sídìí rẹ̀.

Ọdún 1887 ni wọ́n bí Adrian Stokes ní ìlú Lausanne ní Switzerland, ṣùgbọ́n ọmọ Ireland ni. Trinity College ní Dublin ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wà láàrin àwọn dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ló ti ṣe ìwádìí àrùn kan tí eku ń kó ran àwọn ọmọ ogun, tí ojú wọn á sì pọ́n bí ìyeyè. Ó wá mọ kòkòrò àrùn ọ̀hún bí ẹní mowó. Lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dublin, lẹ́yìn náà ní Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1919, gbajúgbajà onímọ̀ ọmọ Japan kan, Hideyo Noguchi, kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njú. Kòkòrò náà sì jọ ti àrùn eku yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti ń fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀. Àjọ Rockefeller dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá ní 1925. Wọ́n wá kòkòrò Noguchi títí lára àwọn aláìsàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọn kò rí i. Ní 1927, Stokes, tó ti kọ́kọ́ wá sí Èkó ní 1920, padà wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ta ni ì bá tún mọ ìyàtọ̀ jù ú lọ?

Wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn dán oríṣiríṣi ẹranko wò, pàbó ni. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin ẹni ọdún 28 ní Gold Coast, tó di Ghana lẹ́yìn náà. Àìsàn tirẹ̀ kò le, ó sì yè é. Ọ̀bọ ilẹ̀ Índíà tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yè é. Stokes, Bauer àti Hudson tan àrùn náà láti ara ọ̀bọ dé ara ọ̀bọ, wọ́n sì fi ẹ̀fọn tàn án. Wọ́n wá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá, síbẹ̀ ó ń ṣọṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni. Noguchi ti ṣì í.

Àwọn kan a máa fi irú èyí sọ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ kan. Wọn kì í rántí pé àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Noguchi fúnra wọn ló tú àṣìṣe náà fó, àti pé ẹ̀mí ni wọ́n fi rà á.

Ní oṣù kẹsàn-án 1927, ibà pọ́njú mú Stokes. Lórí ibùsùn àìsàn, ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun sára ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì la òkú òun wò bí òun bá kú. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ní ẹni 40 ọdún. Wọ́n ṣe bí ó ti wí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àbájáde ìwádìí náà jáde ní títẹ̀. Noguchi pàápàá wá sí Accra láti tún iṣẹ́ tirẹ̀ yẹ̀ wò. Àrùn kan náà pa á ní oṣù karùn-ún 1928. Dókítà Young, tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kú láàrin ọjọ́ mélòó kan sí i.

Lẹ́yìn ikú Stokes, ó tó ọdún 10 kí abẹ́rẹ́ tó ṣeé gbára lé tó dé. Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ló ṣe é ní 1937, láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára Asibi, tí wọ́n rọra sọ di aláìlágbára. Láti 2004, ó ti wà lára àwọn abẹ́rẹ́ tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ń gbà ní Nàìjíríà, òun náà sì ni wọ́n gún nígbà tí àrùn náà tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní 2017.