Awólọ́wọ̀: Agbẹjọ́rò tí ó mọ ojú ọ̀gá, tí ó mọ ojú òṣìṣẹ́

Kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó kọ́ iṣẹ́ amòfin ni ó ti ń ṣe agbẹnusọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ó bá àwọn òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó sì di Olórí Ìjọba, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń wò.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí baba rẹ̀ kú, iṣẹ́ àṣelàágùn ni ó sì fi rán ara rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ní 1927 ó wọ Wesley College ní Ẹlẹ́kùrọ́, nítòsí òkè Mápó. Ní 1932 ó padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí ń gba owó oṣù.

Lẹ́yìn èyí ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò irè oko, ó sì wa iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò náà forí ṣánpọ́n, ó wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ti fi í ṣe akọ̀wé, òun ni ó sì ṣáájú wọn ní 1937 nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òfin ìjọba tí ó ni wọ́n lára. Ní 1943 ó wà lára àwọn tí ó dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Trades Union Congress, sílẹ̀. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn wọn.

Ní 1944 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù Kọkànlá, ọdún 1946, ni ó di amòfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1947. Òun àti Abíọ́dún Akérelé ni wọ́n jọ ń gba ẹjọ́ rò. Ní 1949 ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀, ó sì di ẹni tí ń san owó oṣù fún ẹlòmíràn.

Ní 1954, ọdún tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ kéde ṣílè márùn-ún lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tí ó kéré jù fún lébìrà ìjọba. Ní oṣù Kìíní, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àpò ará ìlú náà ni owó rẹ̀ ti ń wá. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí ó ti ṣe máníjà ní UAC, kó àwọn tí ń san owó orí jọ. Agboolé ìbílẹ̀, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnká, tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìbò ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní 1954, ó sì di alága ní Mápó. Lébìrà tí inú rẹ̀ dùn sí ṣílè márùn-ún lè wà nínú àwọn tí ń ráhùn nípa owó orí.

Awólọ́wọ̀ fi ipò sílẹ̀ ní 1959. Ní 1963 ilé-ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1966. Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, 1987, ni ó kú ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ẹni ọdún 78.

Ní 2024 Nàìjíríà fi òfin gbé owó oṣù tí ó kéré jù sí ₦70,000. Ohun tí ó yẹ òṣìṣẹ́, àti àpò tí a ó ti mú un, ni àríyànjiyàn Ìbàdàn ní 1954. Òun náà ni a tún ń jà lé lórí.