Maria Montessori, oníṣègùn tí ó sọ ìka ọmọdé di ọ̀nà ìwé

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1870 ni a bí Maria Montessori ní Chiaravalle, ìlú kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Òun nìkan ṣoṣo ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ìwé kíkà púpọ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun kàwé dé ibi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé. Maria ṣì kéré nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí Róòmù, olú-ìlú Ítálì.

Ní ayé ìgbà náà, bí ọmọbìnrin bá kàwé, iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí ó ṣe. Maria kọ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọn kò gbà kí obìnrin dúró pẹ̀lú àwọn ọkùnrin níbi tí wọ́n ti ń la òkú láti kọ́ nípa ara ènìyàn. Nítorí náà, lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ni yóò dúró ti òkú, tí yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1896, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ oníṣègùn ní Ítálì.

Iṣẹ́ ìṣègùn yìí gan-an ni ó dá a padà sí ìdí iṣẹ́ olùkọ́. Ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Róòmù, ó rí àwọn ọmọdé tí àwọn ènìyàn ti pa tì. Wọ́n ní ọpọlọ wọn kò pé, wọn kò sì lè kọ́ ohunkóhun. A kì í fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ wọn ṣe. Maria wò wọ́n títí, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe aláìní ju oògùn lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn oníṣègùn Faransé méjì. Èkíní ni Itard, ẹni tí ó gbìyànjú láti kọ́ ọmọkùnrin kan tí a rí nínú igbó Aveyron, tí kò lè sọ̀rọ̀. Èkejì ni Séguin, ọmọ ẹ̀yìn Itard, tí ó ṣe oríṣiríṣi ohun èlò fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè fi ọwọ́ àti ojú kọ́ ẹ̀kọ́. Maria tẹ̀ lé ọ̀nà wọn. Ní ọdún 1900, a fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a dá sílẹ̀ nítorí irú àwọn ọmọ yìí. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ó ń kọ́ wọn. Díẹ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ṣe ìdánwò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé yòókù, wọ́n sì yege.

Àwọn ènìyàn yìn ín bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni Maria ń rò. Bí ọmọ aláìsàn bá lè bá ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá dọ́gba, kí ni ó ń dá ọmọ tí ara rẹ̀ dá dúró ní ilé-ìwé?

Ní àárín ọdún wọ̀nyí, ó ní ìbànújẹ́ tirẹ̀ tí kò sọ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1898, ó bí ọmọkùnrin kan, Mario, fún oníṣègùn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọn kò fẹ́ ara wọn. Ní ìgbà náà, bí obìnrin tí kò lọ́kọ bá bímọ, iṣẹ́ rẹ̀ lè bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n gbé ọmọ náà fún ìdílé kan tọ́ ní ìgbèríko. Bí Maria ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọmọ tirẹ̀ wà. Mario tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó wá máa gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ní Róòmù, àdúgbò àwọn tálákà kan wà tí à ń pè ní San Lorenzo. Ilé-iṣẹ́ kan tún àwọn ilé ńlá ibẹ̀ ṣe, ó sì fi wọ́n háyà fún àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá àti ìyá a máa jáde lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké a sì máa ba ara ògiri jẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà wá ẹni tí yóò máa mójú tó wọn, ó sì pe Maria. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, ó ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé síbẹ̀. Nǹkan bí 50 ọmọ ni wọ́n kó wá; púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 6.

Maria kò ní in lọ́kàn láti kọ́ wọn ní ìwé. Ní ìgbà náà, àwọn onímọ̀ gbà pé ìwé ti le jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Àwọn ìyá ni ó yí i lọ́kàn padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà, wọn kò sì lè kọ orúkọ ara wọn. Wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ti ń já fáfá nínú ilé náà, wọ́n sì wá bẹ Maria pé kí ó kọ́ wọn ní ìwé kíkọ àti ìwé kíkà. Ó gbà.

Owó kò tó láti ra lẹ́tà onígi. Maria àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gé lẹ́tà láti ara bébà oníyanrìn, irú èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Ọmọ yóò fi ìka méjì tọ ojú lẹ́tà náà bí ẹni tí ń kọ ọ́, yóò sì máa pe ìró rẹ̀ bí ó ṣe ń dún lẹ́nu. Bí ojú ti ń rí i ni etí ń gbọ́ ọ, tí ọwọ́ sì ń mọ ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọmọ yóò kó àwọn lẹ́tà tí a gé jọ, yóò sì fi wọ́n to ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ láti ilé.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, Maria àti àwọn ọmọ náà wà ní òkè ilé, oòrùn sì mú. Ó ní kí ọmọkùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún 5 fi ẹfun ìkọ̀wé ya ihò èéfín tí ó wà lórí òrùlé. Ọmọ náà yà á. Lójijì ó kígbe pé òun mọ̀ ọ́n kọ. Ó wólẹ̀, ó sì kọ mano, ìyẹn ọwọ́. Ó kọ camino, ìyẹn ihò èéfín, ó sì kọ tetto, ìyẹn òrùlé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá, díẹ̀ nínú wọn gba ẹfun, wọ́n sì kọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n ń kọ̀wé sí ilẹ̀, sí ara ògiri àti sí ara búrẹ́dì nílé. Àwọn ìyá fún wọn ní bébà kí ilé lè sinmi.

Ìwé kíkà ni ó tẹ̀ lé e. Maria kọ orúkọ àwọn ohun ìṣeré sí bébà pélébé pélébé. Ọmọ tí ó bá ka orúkọ kan dáadáa ni yóò gba ohun ìṣeré náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò bìkítà fún ohun ìṣeré mọ́. Bébà mìíràn ni wọ́n ń bèèrè, kí wọ́n lè tún kà.

Èdè Ítálì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí bí a ti ń sọ ọ́ ni a ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá rí. Ti Faransé yàtọ̀: nínú eau, tí í ṣe omi, lẹ́tà mẹ́ta ni a kọ, ìró kan ṣoṣo ni a sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Ilé Àwọn Ọmọdé fi hàn pé kì í ṣe ìwé ni ó le jù fún ọmọdé. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ ni ó le jù.

Ní ọdún 1909, Maria kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà. A túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀, àwọn olùkọ́ sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá bá a. Ní ọdún 1924, ìjọba Mussolini bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, Maria sì gba ìrànlọ́wọ́ náà. Àjọṣe wọn kò tọ́jọ́. Mussolini ń fẹ́ ọmọ tí yóò máa ṣe ohun tí a bá pàṣẹ. Maria ń fẹ́ ọmọ tí yóò lè rò fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1934, wọ́n ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, Maria sì fi ìlú sílẹ̀. Ogun lé e kúrò ní Sípéènì ní ọdún 1936, ó sì lọ sí Hòláàńdì. Ní ọdún 1939, òun àti Mario lọ sí Íńdíà, ogun àgbáyé sì há wọn mọ́ ibẹ̀. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ níbẹ̀ kí ó tó padà sí Yúróòpù ní ọdún 1946.

Maria Montessori kú ní Hòláàńdì ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1952. Ẹni ọdún 81 ni. Mario wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni ó sì bá iṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ń lo ọ̀nà rẹ̀ wà káàkiri ayé. Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. Ọgbọ́n àwọn ọmọ San Lorenzo wà ní ìka wọn. Ọgbọ́n àwọn ìyá wọn ni pé wọ́n bèèrè fún ọmọ wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún àwọn fúnra wọn.