Kòfowórọlá Pratt àti Ìwé Orúkọ Àwọn Nọ́ọ̀sì

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìdílé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni wọ́n bí i sí, inú ẹ̀sìn náà ni ó sì gbé dàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ṣí ojú ewé yìí kọjá. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ṣe híjírà lọ sí Mọ̀dínà, Abdullah bin Urayqit ni ó mú wọn lọ́nà, kò sì tíì gba ẹ̀sìn nígbà náà. Ọkùnrin náà mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fọkàn tán, ìyẹn tó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀nà tí a fẹ́ kí obìnrin yìí fi hàn wá, nítorí àwọn arábìnrin wa tí ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Igbaye, Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun ń bi wá léèrè nípa iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ nípa rẹ̀ ládùúgbò kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́.

Ní ọdún 1915 ni wọ́n bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní ní Èkó, nínú ìdílé Scott. Ó ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà. Ẹ má tètè dá bàbá náà lẹ́bi. Òyìnbó ni ó wà ní òkè nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ọmọ ilẹ̀ yìí tí ó bá wọ ibẹ̀ kò lè retí ju kí wọ́n máa rán an níṣẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé CMS ní Èkó fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Olú Pratt, apòògùn kan tí ó tún fẹ́ di dókítà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó tẹ̀ lé e, ìfẹ́ àtijọ́ sì tún sọjí. Ní ọdún 1946, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti wà nílé ọkọ. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ rò pé ìgbéyàwó ti pa ilẹ̀kùn ìwé dé, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Níbí ni mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀, nítorí ohun tí ó bá pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ju bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́ lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún 1919 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin pé kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé náà yóò kẹ́kọ̀ọ́ níbi tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, fún iye ọdún tí wọ́n là sílẹ̀, yóò sì yege nínú ìdánwò kan náà tí gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Bí ó bá wọlé tán tí ó ba iṣẹ́ jẹ́, ìgbìmọ̀ kan náà lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ilẹ̀ New Zealand ti ṣe irú òfin yìí ní ọdún 1901, kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é.

Ohun tí ó lè yà yín lẹ́nu ni pé Florence Nightingale, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1860, kò fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rárá. Èrò tirẹ̀ ni pé ìwà ni ó ń sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì, kò sì sí ìdánwò tí ó lè wọn ìwà. Ethel Bedford Fenwick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó, wọ́n sì jà fún bí ọgbọ̀n ọdún kí òfin tó jáde. Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu Nightingale, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Àwa tí a ti ilé kéú wá mọ ohun tí ń jẹ́ ìjáàsà. Ààfáà lè bẹ̀rù Ọlọ́hun kí ó máa sunkún lórí ìrun òru, a kò ní tìtorí ìyẹn jẹ́ kí ó kọ́ni ní tírà tí kò kà níwájú ẹnì kankan. A ó bi í léèrè pé ta ni ó kọ́ ọ, ta ni ó sì kọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ kò ní agbára láti yẹ ìwà nọ́ọ̀sì wò kí ó tó na apá fún abẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn ní láti bá a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ibẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ronú kan èyí. Ní ọdún 319 lẹ́yìn híjírà, tí ó bá ọdún 931 mu, Kàlífà al-Muqtadir gbọ́ ní Baghdad pé oníṣègùn kan ṣi iṣẹ́ ṣe, aláìsàn sì kú. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́jú aláìsàn mọ́ àfi ẹni tí Sinan bin Thabit bá dán wò, tí ó sì fún ní ìwé tí yóò sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Àwọn tí wọ́n dán wò lé ní 860 ní ìlú kan ṣoṣo, láì ka àwọn tí òkìkí ìmọ̀ wọn ti kàn tẹ́lẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe èyí kò jìnnà. Hádíìsì wà nínú àkójọ Abu Dawud pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láì jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ìmọ̀ rẹ̀, òun ni yóò ru ẹrù ohun tí ó bá bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ fíkíhì wá là á pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́, tí ó gba àṣẹ, tí kò sì ṣe àìbìkítà, kò ní san owó ẹ̀mí bí Ọlọ́hun bá mú aláìsàn lọ. Aláìmọ̀kan ni yóò san án, kódà bí inú rere ni ó fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948, nígbà tí Kòfowórọlá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe wà lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe nọ́ọ̀sì lábẹ́ ètò náà. Aláìsàn kan wà tí ó kọ̀ pé ọwọ́ dúdú kò ní kan òun. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà: ìyá ilé kan láti Èkó, olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí, tí ẹni tí ó ń ṣàìsàn sì ń lé dànù lẹ́bàá ibùsùn. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe ìdánwò ìjọba, ó yege, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1950, orúkọ rẹ̀ ti wọ inú ìwé. Ẹni tí kò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀ lè máa bá ìkórìíra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé kò mọṣẹ́, nítorí ìdánwò tí wọ́n fi wọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọn òun náà.

Ní ọdún 1954 ni òun àti ọkọ rẹ̀ padà sílé. Nàìjíríà tí wọ́n bá ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Òfin àwọn agbẹ̀bí ti wà láti ọdún 1930, ṣùgbọ́n ní ti nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń kọ́ tirẹ̀ bí ó ti wù ú, títí tí òfin ọdún 1947 fi dá ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UCH, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ibẹ̀ ni Kòfowórọlá ti ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó ni ó kún ipò sísítà àti mátírọ́ọ̀nù nígbà náà, àwọn kan sì wà tí wọ́n rò pé bí wọ́n bá gbé ipò náà fún aláwọ̀ dúdú, iṣẹ́ yóò wálẹ̀. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ní ọdún 1964 ó sì di mátírọ́ọ̀nù UCH, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà.

Ìlànà kò wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ńṣe ni ó tún ń wá èyí tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe é tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi wọ fásitì Ìbàdàn ní ọdún 1965, kí nọ́ọ̀sì náà lè gba oyè bí dókítà àti agbẹjọ́rò ṣe ń gbà á. Ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ ní ipò náà, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó tún di igbákejì ààrẹ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo àgbáyé. Ní ọdún 1953 ni àjọ yìí ti fọwọ́ sí ìlànà ìwà fún nọ́ọ̀sì níbi gbogbo, nínú èyí tí wọ́n ti là á pé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ mọ àwọ̀, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ẹni tí wọ́n tìtorí àwọ̀ lé kúrò lẹ́bàá ibùsùn ni ó wá jókòó sí iwájú àwọn tí ń ṣọ́ ìlànà náà. Ní ọdún 1973, àwọn Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale.

Ní ọdún 1979, Òfin 89 da ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀ di ọ̀kan, òun ni a mọ̀ sí Nursing and Midwifery Council títí di òní. Òfin yìí ni ó kan àwa tí a wà nílé. Ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé máa pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ó dá ìgbìmọ̀ olùwádìí àti ilé ẹjọ́ pàtàkì sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, ilé ẹjọ́ náà sì lè yọ orúkọ ènìyàn kúrò. Nọ́ọ̀sì tí ó yege pàápàá ní láti tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn tí ó bá ti fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí ládùúgbò? Òbí yóò mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, yóò san owó pé kí wọ́n kọ́ ọ ní nọ́ọ̀sì. Ọmọ yóò gbálẹ̀, yóò fọ aṣọ, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ nípa wíwo ẹni tí òun náà wo ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún méjì wọn yóò ṣe fríídọ̀mù fún un, àwọn ẹbí yóò dá aṣọ, wọn yóò pa ẹran, ààfáà yóò sì ṣe àdúà. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé yóò ti máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Àwọn tí à ń pè ní auxiliary nìyẹn. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ̀ kò burú. Ibi tí ó ti burú ni ìgbà tí ọmọ yìí bá ń gbé àpò abẹ́rẹ́ kiri ojúlé, tí aboyún ń sun ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń fa omi sí i lára nínú yàrá, tí kò sọ fún wọn pé kí wọ́n sáré lọ sí ọsibítù. Inú rere ni ó ń fi ṣe é. Ẹ ti ka ohun tí hádíìsì sọ nípa ìyẹn lókè. Wọ́n sì ti rẹ́ ọmọ náà jẹ, nítorí ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ fríídọ̀mù kò lè gbà á síṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba kankan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́ yóò wá kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìwé mẹ́wàá: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì, láì ju ìjókòó ìdánwò méjì lọ. Yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Council fọwọ́ sí, kí òbí sì rí i dájú pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí Council láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí wọn kò bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kò ní lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àwọn òbí tí wọ́n ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà kò yẹ obìnrin Mùsùlùmí, kí wọ́n rántí Rufaydah, ará ẹ̀yà Aslam. Lẹ́yìn ogun Kòtò, inú àgọ́ rẹ̀ tí ó wà ní mọ́ṣáláásí Ànábì ni wọ́n gbé Sa'd bin Mu'adh lọ nígbà tí ọfà bà á lápá. Ànábì ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọjú wò ó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ híjáàbù nínú wọ́ọ̀dù gùn, a ó fún un ní ojú ewé tirẹ̀ lóṣù mìíràn, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

Kòfowórọlá Pratt kú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1992. Ọdún márùn-ún ṣáájú ni Justus Akinsanya, nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.