Wu Lien-teh: Dókítà tó fi ìbòmú kojú àjàkálẹ̀ àrùn ní Ṣáínà

Nígbà tí Covid-19 dé lọ́dún 2020, tí ìjọba ní kí oníkálukú bo imú àti ẹnu, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣà tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Ó ti lé ní 100 ọdún tí dókítà kan ti ja ìjà yìí, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wu Lien-teh lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní Penang, tó wà ní orílẹ̀-èdè Màlésíà lónìí. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ṣáínà tó wá ṣiṣẹ́ ajé síbẹ̀. Orí ọmọ náà pé débi pé ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Cambridge. Nígbà tó di ọdún 1908, ó ti di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn ológun ní Tianjin, ní Ṣáínà.

Ìparí ọdún 1910 ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Harbin, ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ibà á mú èèyàn, á máa wúkọ́, á máa tu ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi máa kú. Ìjọba rán Wu, ẹni ọdún 31, lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la ló débẹ̀.

Ó la òkú obìnrin ará Jàpáànù kan wò, ó sì rí kòkòrò àrùn plague. Ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nígbà náà ni pé kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń kó plague ran èèyàn. Wu ní ti Harbin yàtọ̀: ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, ikọ́ àti èémí aláìsàn ló sì ń gbé e kiri. Òtútù ibẹ̀ le kọjá sísọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn lébìrà há mọ́ra nínú yàrá ilé èrò tí wọ́n ti pa. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa fà á símú.

Ìdí nìyí tó fi ní kí wọ́n mú aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, kí wọ́n ki òwú sí àárín rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ imú àti ẹnu dáadáa. Kò wọ́n, kò sì ṣòro ṣe.

Gérald Mesny, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ju Wu lọ lọ́jọ́ orí àti nínú iṣẹ́, kò gbà. Inú bí i pé irú Wu fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Ó wọ ilé ìwòsàn àwọn ará Rọ́ṣíà lọ, ó yẹ àwọn aláìsàn wò láì bo imú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kíní, ọdún 1911, Mesny kú. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rọ́wọ́ jiyàn mọ́. Ìbòmú gba gbogbo Harbin kan.

Wu ò fi mọ sórí ìbòmú nìkan o. Ó fi inú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ṣe ibùgbé fún àwọn tí wọ́n fura sí, àwọn sójà sì dènà ìrìnnà. Yìnyín ti mú kí ilẹ̀ le gbagidi, wọn ò rí sàréè gbẹ́, òkú tó lé ní 2,000 sì wà nílẹ̀. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òkú baba ńlá, Wu ní láti tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ ọba kí wọ́n tó dáná sun wọ́n.

Oṣù Kẹta kò tíì gbó tí àrùn náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní Harbin. Nǹkan bíi 60,000 èèyàn ló ti bá a lọ lágbègbè náà. Ní oṣù Kẹrin, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 11 pàdé ní Mukden, Wu ló sì darí ìpàdé wọn.

Lọ́dún 1935, wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, àmọ́ kò gbà á. Ó padà sílé, ó ń tọ́jú aláìsàn nílùú Ipoh. Ọjọ́ 21, oṣù Kíní, ọdún 1960 ló dágbére fáyé ní Penang, lẹ́ni ọdún 80.

Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ kò le: àrùn tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn, inú yàrá tí wọ́n ti pa ló ti ń rọ́wọ́ mú jù. Ẹni tó bá wọlé tọ aláìsàn, kó bo imú àti ẹnu pinpin. Ìbòmú tó bá wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.