Bílíkísù Sùngbọ́: Ìyá tí kò bímọ, tí Ìjẹ̀bú ń jẹ́ ọmọ rẹ̀

Obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, tí ìtàn sọ pé kò gbé ọmọ pọ̀n rí, síbẹ̀ tí oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń lọ sídìí ibojì rẹ̀ lọ́dọọdún bí ọmọ ṣe ń lọ kí ìyá. Bílíkísù Sùngbọ́ ni, ìyá Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ọlọ́lá ni, olówó sì ni. Opó ni pẹ̀lú, kò sì ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ bí èyí ti rí lára. Ta ni yóò sin ín? Ta ni yóò máa pa obì sídìí orórì rẹ̀, tí yóò máa pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ará ilé mìíràn bá ń pe tiwọn? Ìnira Sùngbọ́ kò ṣàjèjì sí babaláwo kankan tó ti jókòó nídìí ọpọ́n tí obìnrin sì wá sunkún àìrọ́mọbí níwájú rẹ̀.

Ìtàn sọ pé Sùngbọ́ wá ohun tí yóò dúró dípò ọmọ. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ náà ká, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi sí etí rẹ̀ nínú, kí orúkọ òun má baà parẹ́. Yàrà àti odi yìí là ń pè ní Erédò títí di òní. Kì í ṣe kòtò lásán o. Ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, ó sì yí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti àríwá sí gúúsù ká. Níbi tó ti jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi ga tó mítà 20. Nígbà tí Patrick Darling, onímọ̀ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọn ibẹ̀, tí ó sì polongo rẹ̀ fún ayé ní 1999, ó ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí katakata nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ìsinsìnyí ló kọ́kọ́ rí i: Pereira ará Pọ́túgà ti kọ̀wé nípa yàrà ńlá tó yí Ìjẹ̀bú ká láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ Erédò ni ìsàlẹ̀ yàrà náà. Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò kàn wá jíjìn. Omi tàbí amọ̀ ni wọ́n ń wá, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè di àbàtà. Níbi tí omi bá ti tètè yọ, wọ́n á dúró, kódà kó jẹ́ mítà kan péré. Láwọn ibìkan, wọ́n rí àwọn ère kéékèèké tó ṣẹnu ṣóńṣó nílẹ̀ yàrà. Ogun nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi í ṣọ́ nígbà náà. Ẹni tó bá mọ ohun tí omi jẹ́ fún wa mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n bọ ni wọ́n gbẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ lórí orúkọ Bílíkísù. Orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń pe ọbabìnrin Ṣébà tó lọ bá Ànábì Sulaimọ́nù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ará Òkè-Èrí gbà pé òun gan-an ló sùn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò bára mu. Sulaimọ́nù ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Erédò ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn mìíràn ní nǹkan bí 1400 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892 ni ọ̀nà sì là fún ìjọ. Lójú tèmi, ọmọ ló sọ ìyá lórúkọ tuntun. Mi ò bínú sí i. Sùngbọ́ ni kí a má ṣe sọ nù, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú tó bọ omi ni, kò sì nílò adé Ṣébà kí a tó júbà rẹ̀.

Wọ́n ní koríko kì í hù lórí ibojì náà, ewé kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Wọ́n tún ní obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀, pé àwọn tó ń sunkún irú ẹkún tó sun ni kò gbọdọ̀ rí i. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni èèwọ̀, àwọn tó ni ilé ló ń sọ òfin ilé.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ní ilé wa níbí, títì ti gba àárín rẹ̀ kọjá, oko ti gun orí odi, àwọn kan sì ń wa yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tà. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín kan Erédò, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá gbúròó típà nídìí odi náà, ẹ lọ bi wọ́n léèrè ẹni tó rán wọn, kí ẹ sì fi tó baálẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an.